Aláǹtakùn Olójú Mẹ́jọ àti Ìjàpá Oníjígí

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Aláǹtakùn aránṣọ àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Aláǹtakùn ló ń ránṣọ fún gbogbo ìlú ẹranko. Kì í ra òwú, inú ara rẹ̀ ló ti ń fà á yọ. Nígbà tó lé lógójì ọdún, ihò abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ó na abẹ́rẹ́ síwájú títí ọwọ́ kò fi gùn tó mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́. Awò tó wà nínú ẹyinjú ló máa ń le bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, tí kò ní lè tẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí. Ọba ò mórí bọ́, ẹrú ò mórí bọ́. Agbádá tí Ìjàpá fẹ́ fi joyè wá ń fì lórí ìṣó, kò lọ́rùn, kò lápò.

Àsìkò ìbò ni. Kìnnìún kó jígí ọ̀fẹ́ wá sọ́jà, àwòrán ara rẹ̀ wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Agbára kan náà, +2.00, ni gbogbo rẹ̀. Erin gba +2.00, Eku gba +2.00, Ọ̀bọ tí ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan náà gba +2.00, ó wọ̀ ọ́, ó já bọ́ lórí igi. Wọ́n ya Aláǹtakùn ní fọ́tò pẹ̀lú Kìnnìún, ó gbé tirẹ̀ délé, orí ń fọ́ ọ títí di alẹ́, torí nọ́ńbà ojú ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tòsì.

Lọ́jọ́ kejì ló kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìjàpá, ó rí pátákó gàdàgbà: ÀYẸ̀WÒ OJÚ Ọ̀FẸ́.

Inú ibẹ̀ tutù nini. Ìjàpá wọ kóòtù funfun. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú ìyá Ìgalà nìkan ló wà lára ògiri. (Ní Nàìjíríà tiwa, ìwé àṣẹ ODORBN ló yẹ kó wà níbẹ̀, àjọ tí òfin ọdún 1989 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tó ń yẹ ojú wò àti àwọn tó ń ta jígí sílẹ̀.) Aláǹtakùn rí ògiri náà kedere, ọ̀ọ́kán kò fìgbà kan ṣòro fún un, ẹ̀rọ amúlétutù ló gbà á lọ́kàn. Pátákó lẹ́tà tí Snellen, dókítà ará Netherlands, gbé jáde lọ́dún 1862, mítà 6 ló yẹ kó fi jìnnà sí ẹni tó jókòó. Ti Ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Aláǹtakùn nímú.

"Ọ̀gá aránṣọ, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó." Ìjàpá ka ojú oníbàárà rẹ̀: méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ló bá dárin:

Ìjàpá: Èyí ńkọ́, tọ̀hún ńkọ́?
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!
Ìjàpá: Ó mọ́lẹ̀ àbí kò mọ́lẹ̀?
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!
Ìjàpá: Ojú kan, ọ̀kẹ́ kan,
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!
Ìjàpá: Ojú mẹ́jọ, olówó dé!
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!

Orin ò tíì tán tí férémù ti bo tábìlì, gbogbo rẹ̀ ló ti ìlú òyìnbó wá. "Dígí tó ń ṣú lóòrùn, ọ̀kẹ́ kan lórí ojú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń dènà iná fóònù, ọ̀kẹ́ kan lórí ojú kọ̀ọ̀kan."

"Dókítà, mi ò ní fóònù."

"Ẹ máa ní in, lágbára Ọlọ́run."

Ó di ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlélógún. Aláǹtakùn gbé ẹ̀mí mì. "Ẹ jẹ́ n lọ bá ìyàwó mi sọ ọ́. Ẹ bá mi kọ nọ́ńbà ojú mi síwèé."

"Ìwé kẹ̀? Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ kì í níwèé."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó yẹ ojú yín wò lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá sọ ohun tó rí di àṣírí, àpò yín ló yẹ̀ wò.

Aláǹtakùn wá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Òwìwí lọ, òun náà ń yẹ ojú wò. Inú ihò ìrókò ló ń gbé, kò sí pátákó, kò sí amúlétutù. Ẹ gba káàdì, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó kọ́kọ́ gbowó àyẹ̀wò, ó sì dun Aláǹtakùn. Ó tan iná wo ìsàlẹ̀ ẹyinjú, ó wọn bí inú rẹ̀ ṣe le tó, ó bi í bóyá ojú fọ́ rí nílé bàbá rẹ̀, torí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma a máa bá ìdílé rìn, kì í sábà dunni, jígí kankan ò sì lè dá ìríran tó bá ti jẹ padà. Ọ̀sán pọ́n kó tó parí.

"Ọmọ mi, mẹ́fà wọ̀nyí, ọ̀ọ́kán lò ń fi wọ́n wò, wọ́n dá ṣáká. Méjì iwájú lò ń fi ránṣọ, àwọn ni kó o wá jígí fún. Nọ́ńbà ọ̀tún rèé, tòsì rèé, àlàfo àárín ẹyinjú méjèèjì rèé ní mìlímítà. Ìwọ lo ni ìwé yìí. Gbé e lọ síbi tówó rẹ bá ká."

Ó gbé e lọ bá Akókó tó ń gé dígí ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọjà. Ìlàjì ọ̀kẹ́ ni. Aláǹtakùn gbé jígí náà sójú, ó yọ ọ́, ó tẹjú mọ́ férémù.

"Èyí ò ha jọ ti ìlú òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ Dókítà Ìjàpá?"

"Ìlú òyìnbó wo? Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń kó o. Àná ló gbé méjìlá."

Aláǹtakùn délé, ó fi òwú sábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rán agbádá parí. Nígbà tí Ìjàpá dé láti gbé e, tó bèèrè iye owó, Aláǹtakùn mú téèpù.

"Wíwọ̀n ọ̀fẹ́ ni, Dókítà. Ẹ dìde dúró."

Aláǹtakùn: Apá kan, ọ̀kẹ́ kan,
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!
Aláǹtakùn: Àpò kan, ọ̀kẹ́ kan,
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!
Aláǹtakùn: Ọrùn ńkọ́, ọrùn dà?
Ègbè: Wò ó re, wò ó re!

Wàrà ni Ìjàpá fa orí wọnú ikarahun.

"Ọrùn kẹ̀?" Inú ilé ló ti ń fèsì. "Ọ̀gá aránṣọ, èmi ò lọ́rùn."