Bí A Ṣe Ń Fi Owó Mẹ́ta Wo Bọ́ọ̀lù Kan: Ìtọ́ni fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Kéébù ní Lọ́kọ́ja

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kan ìwọ tí mo ń kọ̀wé sí. O ti pinnu pé lóṣù yìí lo máa pààrọ̀ kéébù ilé rẹ, o fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ máa gba ọ̀nà kan wọlé, o kò sì fẹ́ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Jókòó, kí n tọ́ ọ sọ́nà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ni, kò sì sí ọ̀kan tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kọ́kọ́ bínú dáadáa.

Má ṣe pinnu nígbà tí ara rẹ balẹ̀. Dúró di ọ̀sán Sátidé, nígbà tí bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó bẹ̀rẹ̀, tí dẹ́kódà kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé owó rẹ ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o rántí pé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, DStv gbé owó ìpele Compact láti 15,700 náírà sí 19,000, ti Premium sì di 44,500. FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí wọ́n dá a dúró ná. Wọ́n kò dá a dúró. Inú á bí ọ, ó sì yẹ kó bí ọ. Ọlọ́gbọ́n tí inú bí á bọ́ sí ìpele tí owó rẹ̀ kéré, á sì máa wo tirẹ̀ lọ. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Pe ìyàwó rẹ, pe àwọn ọmọ, kí o búra níwájú wọn pé kọ́bọ̀ rẹ kan kò ní wọ àpò àwọn èèyàn yẹn mọ́. Ẹni tó bá ti búra lójú ọmọ kì í lè padà sẹ́yìn, bó tilẹ̀ rí kòtò níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Má bèèrè ibi tí àwòrán ti ń wá.

Kéébù ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí wáyà kankan láàárín ilé rẹ àti ọ́fíìsì wọn. Kéébù gidi ni àpótí tí àwọn bàbá wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, èyí tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fà wọlé àwọn èèyàn l'Ékòó lọ́dún 1935. Oṣooṣù làwọn náà ń sanwó, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí wáyà tí wọ́n ń sanwó lé lórí. Tìrẹ, ojú ọ̀run ni. Díìṣì orí páànù rẹ kọjú sí ìlà oòrùn, ó tẹjú mọ́ sátẹ́láìtì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36,000 kìlómítà sókè, tí kì í yẹ̀ lójú kan náà. Irú kejì ni ti eríà, bíi GOtv, tó ń gba tirẹ̀ lára òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ìlú. Èyí kò fẹ́ràn òkè rárá.

Òkè ló sì kún ìlú wa. Ẹsẹ̀ Òkè Patti ni Lọ́kọ́ja jókòó sí. Ilé kan ní Felele lè máa rí àwòrán tó mọ́ kedere, kí ti ilé kejì lẹ́yìn àpáta máa já wélewèle bí aṣọ gbígbó. Nítorí náà, má ṣe kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ kí o ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ ń lò, báwo ló sì ṣe ń rí tí òjò bá ṣú?" Ìbéèrè yẹn lè gbà ọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìgbàlà lo bá wá. Àna rẹ tó ń gbé Lẹ́kì ni kí o pè. Ó ní tòun dára.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Di etí sí ìtàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ HiTV, bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà yẹn gba ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù Premier League hàn wá, làwọn èèyàn bá ń sáré ra dẹ́kódà rẹ̀. Nígbà tí sáà 2009/10 parí, ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó máa fi di 2011, HiTV fúnra rẹ̀ ti dákẹ́, dẹ́kódà wá di ohun tí wọ́n ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó lé. TStv náà fi ariwo ńlá ṣílé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Ó tún ní láti ṣílé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 2020. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kì í ṣe dẹ́kódà là ń rà, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ọ̀hún sì lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ẹlòmíràn nígbàkígbà. Má rò ó. Èrò ló ń ba ìrìn àjò òmùgọ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ta ti àtijọ́ kí tuntun tó dé.

Gbé dẹ́kódà lọ bá ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Kabba Junction, kí o sì jẹ́ kó wá tú díìṣì fúnra rẹ̀, èyí tí ọmọ rẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ sí lára. Iye tó bá ní lọ́wọ́ ni kí o gbà. Lẹ́yìn èyí ni kí o wá pe ẹni tó máa so ẹ̀rọ tuntun, èyí tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run.

Á gun orí páànù. Ìyàwó rẹ á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ó ti wọlé?"

"Ó wọlé! Ó tún ti jáde!"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó ní nǹkan ń dí òun lójú!"

Mángòrò onílé ni. Díìṣì àtijọ́ kò bá a jà rí, torí àlàfo kékeré kan níhà ìlà oòrùn ti tó o. Ṣùgbọ́n àwọn sátẹ́láìtì tuntun, irú ti Starlink, nǹkan bí 550 kìlómítà ni wọ́n ga sí, wọn kì í sì dúró. Bí ọ̀kan ti ń kọjá ni òmíràn ń dé. Gbogbo ojú ọ̀run gbalasa ni ẹ̀rọ tuntun fẹ́ máa rí. Lọ bá màmá onílé pé o fẹ́ gé ẹ̀ka méjì péré. Á wò ọ́ látòkè délẹ̀.

"Bàbá Tọ́pẹ́, mángòrò tó san owó ọmọ mi ní Pọ́lì? Ẹ ní kí tẹlifíṣọ̀n yín máa wo ibòmíràn."

Ẹni tó gun òkè á sọ̀ kalẹ̀, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, á ní kí o lọ wá òpó gígùn. Owó kìíní nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fi dátà fóònù dí àlàfo.

Títí òpó á fi dé, so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí o má sì ṣe ìṣirò. Fíìmù tó mọ́ kedere lórí Netflix lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. Wákàtí méjì lálẹ́ jẹ́ 6GB. Ọgbọ̀n alẹ́ jẹ́ 180GB. Bí àwọn ọmọ bá sì mọ̀ pé dátà wà, wọn kì í sùn ní aago mẹ́sàn-án. Owó kejì nìyẹn.

Má sì gbàgbé pé torí owó tó ga lo ṣe sá. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink wọ Nàìjíríà. Owó oṣù rẹ̀ wà ní 38,000 náírà nígbà tí wọ́n kéde lọ́dún 2024 pé á di 75,000. NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, fọhùn, wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tó di 2025, ó di 57,000. Ìwọ tí o sá fún ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún, kú ewu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Máa sanwó fún òkùnkùn.

Òpó ti dé, ẹ̀rọ ti ríran, ni AEDC bá mú iná lọ. Ọjọ́ tí o sanwó ni wọ́n ti ń ka ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ, iná ì báà wà, ì báà má sí. Nígbà àtijọ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti dẹ́kódà kan. Báyìí, ẹ̀rọ orí òpó fẹ́ jẹun, ráúta fẹ́ jẹun, fóònù gbogbo ilé sì tò sídìí wọn bí ọmọ ewúrẹ́.

Ọ̀sán Sátidé tún dé, bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bẹntiróò kò sí, dátà ti tán, àwọn tó gbọ́ ìbúra rẹ sì ń wò ọ́. Sọ pé o fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ kan. Rọra gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, kí o san owó ẹnu ọ̀nà. Owó kẹta nìyẹn.

Kí o tó wọlé, gbójú sókè wo díìṣì orí páànù wọn. Ìlà oòrùn ló kọjú sí, àwòrán rẹ̀ kì í sì já. Bí orúkọ ọmọ rẹ bá wà lára rẹ̀, má pariwo. Wọn kò jí i. Wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Èmi náà, láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sanwó níbẹ̀ láti fi díìṣì mi wo bọ́ọ̀lù.