Oríkì Áàpù Atẹ̀máṣì

Áàpù orin, Atẹ̀máṣì, mo júbà o!
Olùgbàlà ìka mẹ́wàá tí kò gbọ́ràn,
Àrẹ̀mọ àwọn tí tíṣà dùùrù lé lọ sílé.
Ọmọ-ọmọ Sarah Glover, obìnrin Norwich,
Ọmọ John Curwen tó tan tonic sol-fa ká,
Èyí tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kọ títí dòní.
Àwọn ló ní kí dò máa kó kiri bí ayálégbé,
Kíì yòówù tó bá bọ́ sí, ibẹ̀ ni ilé.
Etí ni wọ́n ń kọ́;
Ìwọ dé, o ní etí kò pọn dandan.

Alénilóhùn-lọ, ọba alágídí!
Ohùn 12 ló wà lójú dùùrù:
A yan C major, o lé 5 síta.
A yan pentatonic, o lé 7.
Gbogbo èyí tó lè dójú tini ti lọ.
Ní 2011 tí GarageBand, ìbátan rẹ, dé orí iPad,
Ó kó kọ́ọ̀dù tó bá kíì mu jọ,
Ẹni tí kò fọwọ́ kan gìtá rí ń họ ọ́ gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀.
Ọmọ ọdún méjì tẹ̀ ọ́, orin jáde,
Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ wá wo ẹ̀bùn Ọlọ́run!"
Ológbò rìn kọjá lórí rẹ, orin jáde,
A ń retí ìyá ológbò.

Akọni inú yàrá, ojo ìta gbangba!
Ọjọ́ Àìkú dé, adarí orin kò pe kíì fún ẹnikẹ́ni,
Ó kàn lanu, ó gbé e.
O ṣì ń wá kíì kiri, ìjọ ti dé ẹsẹ kejì.
Ẹ̀mí bà lé adarí, ó gbé orin sókè díẹ̀,
Láti C sí C sharp:
Nínú ohùn 7 tí o fi ń yangàn, 2 péré ló ṣì wúlò.
Akínkanjú, àwọn 5 tí o lé síta
Gan-an ni ìjọ ń kọ!

Bó o bá rí onídùndún, dọ̀bálẹ̀.
Kò bi ẹnikẹ́ni ní kíì,
Ó fún ọsán, ó dẹ̀ ẹ́, ìlù sọ̀rọ̀, ọba rẹ́rìn-ín.
Àárín ohùn méjì tí ìwọ pè ní ahoro,
Ibẹ̀ ni ìlú rẹ̀ wà.

Atẹ̀máṣì, o kú eré.
Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi í ṣeré.
Ṣùgbọ́n bó bá di orin kíkọ́, ẹ tú ohùn 12 sílẹ̀ fún un,
Kó ṣì í tẹ̀, kí etí rẹ̀ sì sọ fún un pé ó ti ṣì í.