Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Akẹ̀sán Tòun Ti Fìlà Ìlúwẹ̀ẹ́

Mo mọ odò wẹ̀ díẹ̀. Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Bí wọ́n bá ní ká sáré, ẹsẹ̀ mi yá nílẹ̀. Ohun mẹ́ta tí eré triathlon ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn náà nìyẹn, mo sì gbà pé mo ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápò. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ìyà eré náà kì í gbé inú omi, kì í gbé orí kẹ̀kẹ́, kì í sì í gbé ojú títì. Àárín wọn ló máa ń lúgọ sí: ibi tí ènìyàn ti ń jáde nínú omi tó fẹ́ bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, àti ibi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ máa sáré. Ìyà náà ká mi mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ó mú mi ní Ọ̀yọ́, ó tún dúró dè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹnu ló kó bá mi. Èmi àti àwọn tí a jọ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé ní pápá ìṣeré Durbar ní Ọ̀yọ́ jókòó, à ń sọ̀rọ̀ Òlíńpíìkì. Ọ̀kan nínú wa, tíṣà ni, ló dá ọ̀rọ̀ triathlon sílẹ̀. Ó ní ọdún 2000, ní Sydney, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á wọ Òlíńpíìkì. Pé wọ́n máa ń wẹ 1,500 mítà nínú omi, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 40, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ sáré kìlómítà 10, láìsinmi láàárín. Ó wá ní, “Láti ibí dé Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 50 ni tàbí kó lé díẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀nà ti wà nílẹ̀ fún wa?” Àwọn yòókù dákẹ́. Èmi ni mo lanu tí mo ní, “Kí ló wá le níbẹ̀?”

Bí a ṣe dá ọjọ́ nìyẹn, nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ ń fẹ́. A ó wẹ 750 mítà nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìtura kan ní Ọ̀yọ́, ìyẹn ìlọ 30 nínú adágún tó gùn ní mítà 25. A ó gun kẹ̀kẹ́ dé Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ó sì sáré láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì LAUTECH. Mọ́tò ọ̀rẹ́ wa kan yóò máa tẹ̀ lé wa pẹ̀lú omi, òrí àti ohun èlò tí a fi ń lẹ táyà, nítorí àwọn tírélà tó ń lọ sí Òkè Ọya kì í ṣàánú ẹni lójú ọ̀nà yẹn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo ti gbọ́ pé àwọn eléré ìdárayá máa ń jẹ oúnjẹ afúnnilágbára ṣáájú ìdíje. Ní Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá ní oúnjẹ afúnnilágbára, kí ló tún kù lẹ́yìn àmàlà? Mo jí, mo jẹ ẹ́ gbóná-gbóná pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ṣàkì. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé oko lẹ ń lọ ni?” Mo ní kò lè yé e. Òun gan-an ló yé. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó jẹ, wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ikùn nílò láti da oúnjẹ náà ni ẹsẹ̀ yóò máa fà lọ. Ẹ̀wà àti ọ̀rá inú ọbẹ̀ kì í sì í tètè dà. Mo kó gbogbo wọn wọ inú omi.

Ìlúwẹ̀ẹ́ tèmi jẹ́ ti ẹni tó kọ́ ọ nínú odò abúlé: orí á wà lókè, ojú á máa wo ẹnu bèbè. Tíṣà ti sọ fún mi pé n ò gbọdọ̀ fi ìyẹn tijú. Ó rán mi létí Eric Moussambani, ọmọ Equatorial Guinea, tó lọ sí Sydney ní 2000 yẹn kan náà. Adágún ilé ìtura kékeré ló ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì tíì fojú rí adágún oní-mítà 50 rí kó tó dé ibẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n jọ fẹ́ wẹ fò sómi kí àkókò tó tó, wọ́n lé wọn kúrò, ó wá ku òun nìkan. Ó wẹ 100 mítà ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 52, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè parí rẹ̀, gbogbo ayé sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí n kọ́ lára rẹ̀ ni sùúrù. Ohun tí mo kọ́ ni pàtẹ́wọ́. Ní ìlọ àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣíwájú gbogbo wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura sì ń hó fún mi. Ní ìlọ kẹrin, mo ti ń mu omi ju bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Àbúrò mi tó ń bá mi ka iye ìlọ fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe òǹkà, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń bá ẹnìkan jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, òkúta dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo yọrí, mo bi í pé, “Ó ku mélòó?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà máa bọ̀.” Títí di òní, a ò mọ iye tí mo wẹ̀.

Bí mo ṣe jáde nínú omi báyìí, òòyì kọ́ mi. Ẹni tó ti nà gbalaja nínú omi tó wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀, orí á fò lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ibẹ̀ ṣe ìdánrawò lọ́tọ̀: wọ́n ti mọ ohun tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ mú, wọ́n sì ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ kó tó de akoto mọ́ orí. Èmi ò dán ibẹ̀ wò rí. Mo fẹ́ wọ ẹ̀wù sára tútù, ẹ̀wù há sí mi lọ́rùn. Mo fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ lọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé àwọn mìíràn ti ń lọ, mo fò gun kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mi, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. N ò mọ̀ pé fìlà rọ́bà tí mo fi wẹ̀ ṣì wà lórí mi, dígí omi ṣì wà lójú mi, akoto sì wà lórí koríko lẹ́bàá adágún.

Báyìí ni mo ṣe já sí ìtòsí ọjà Akẹ̀sán. Ọmọdé kan rí mi, ó ké pé, “Eégún gun kẹ̀kẹ́ o!” Ìyẹn ì bá rọrùn fún mi láti gbójú fò, bí kì í bá ṣe ti bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, tó bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ló ń lé ọ?” Ọ̀yọ́ nìyí o. Ẹnìkan kì í ré àgbà kọjá. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti dígí lójú. Mo ní, “Bàbá, kò sí nǹkan tó ń lé mi.” Ó ní, “Irọ́ ni. Ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Àdúrà Ọ̀yọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń já lágbedeméjì. Mo ń ṣe àmín, àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọjá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà tẹrí ba lórí kẹ̀kẹ́ láìdúró, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó, bàbá,” ó sì lọ. A ò tíì ṣe àmín tó kẹ́yìn tí àbúrò mi fi sáré dé lórí ọ̀kadà, ó na akoto sókè, ó ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbàgbé orí yín!”

Nígbà tí a jáde síta ìlú, mo bínú lé wọn bá, mo sì ré gbogbo wọn kọjá. Inú mi dùn. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé wọ́n tò tẹ̀ lé mi, kò sí ẹni tó lè là mí kọjá. Mo rò pé agbára mi ni. N ò mọ̀ pé ọyẹ́ ni. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, àríwá ìlà-oòrùn gan-an sì ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà sí Ọ̀yọ́. Ojú atẹ́gùn ni à ń gùn lọ, ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn ẹlòmíràn nínú atẹ́gùn, ọ̀pọ̀ wàhálà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje triathlon, wọ́n kì í gbà á láyè, ṣùgbọ́n àwa ò ṣe òfin kankan. Wọ́n fi mí ṣe ògiri.

Ká tó dé afárá Odò Ọbà, gbẹ̀gìrì ti ń bi mí léèrè ibi tí à ń lọ. Ṣòkòtò tuntun tí mo wọ̀ sì ti ń bó mi ní itan. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń díje ló gbà mí nímọ̀ràn láti rà á, mo sì rà á nígbà tí ìdíje ku ọ̀la. Mo rántí ìtàn Ọbà, ìyàwó Ṣàngó, tí wọ́n ní orogún rẹ̀ Ọ̀ṣun tàn jẹ títí tó fi gé etí ara rẹ̀ sè fún ọkọ. Òun àti èmi, ọ̀dọ̀ ẹni tí a jọ ń du nǹkan kan náà ni a ti lọ gba ìmọ̀ràn. Etí tèmi ṣáà ṣì pé méjì.

Omi tán lọ́wọ́ mi. Mọ́tò tó gbé omi àti òrí ti tẹ̀ lé àwọn tó ré mi kọjá nígbà tí mo dúró tọ́jú itan. Wọ́n ní nínú ìdíje triathlon Ironman àkọ́kọ́, ní Hawaii ní 1978, tí ọkùnrin 15 bẹ̀rẹ̀ tí 12 sì parí, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọ̀kan nínú wọn, John Dunbar, ọtí bíà ni wọ́n sì ń fún un. Ó ṣe ipò kejì! Èmi ò rí bíà. Obìnrin kan tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà ní mínírà, oòrùn sì ti sè é. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé mọ́tò yín ló bàjẹ́?” Mo mu mínírà méjì. Bí mínírà gbígbóná ṣe pàdé gbẹ̀gìrì, n ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Igbó kan wà lápá ọ̀tún.

Mo dé Tákíè. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní kí n sáré, orúnkún mi kọ̀, mo wó sílẹ̀ síwájú àwọn ọlọ́kadà. Ẹsẹ̀ tó ti ń yí pẹ́dàlì láti Ọ̀yọ́ kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti yí padà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, bí wọ́n bá ti gun kẹ̀kẹ́ tán nígbà ìdánrawò, wọ́n á sáré díẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ara lè mọ ọ̀nà náà. Èmi máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n ó sì sáré lọ́jọ́ Sátidé. Mo dìde, mo ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọlọ́kadà kan tẹ̀ lé mi, ó ń wo orí mi, ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀kadà yín dà?” Akoto tí mo gbàgbé ní Ọ̀yọ́, mo tún gbàgbé láti bọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí n gun ọ̀kadà òun, òun ò ní gbowó. Mo ro ó.

Ní 2016, nínú ìdíje triathlon kan ní Cozumel ní Mẹ́síkò, Jonny Brownlee ló wà níwájú kí ooru tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ta kókó nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alistair, gbé e léjìká, ó sì tì í kọjá ìlà sí ipò kejì, òun fúnra rẹ̀ ṣe ìkẹta. Àbúrò tèmi dúró sí ẹnu ọ̀nà LAUTECH, ó ń fi fóònù ya mí. Èmi ni mo kẹ́yìn.

Mo ti gbà láti tún un ṣe. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, kí ọyẹ́ lè máa tì wá lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa díje, kó gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tí ìyà jẹ: má ṣe kọ́ eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí o wá máa retí pé wọn yóò so ara wọn pọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Kọ́ bí a ti ń bọ́ fìlà dé akoto, kọ́ bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ sáré, má wọ ohun tuntun, kí o sì fi àmàlà sílẹ̀ di ìgbà tí o bá dé.