Ilé Ta Ni Wọ́n Ń Wò?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà, èyí tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ibi tí wọ́n ti bí i wọ inú orúkọ lóòótọ́, síbẹ̀ Abíọ́nà kò di ọmọ ọ̀nà. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Òfin Nàìjíríà tọ ipasẹ̀ yìí. Abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ń béèrè òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò béèrè ọsibítù. Ilẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń wò ní tirẹ̀, kì í ṣe ilé.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ní 1857, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ dá ẹjọ́ Dred Scott pé aláwọ̀ dúdú, ìbáà ṣe ẹrú ìbáà ṣe òmìnira, kò lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ó gba ogun abẹ́lé kí wọ́n tó yí i padà. Àtúnṣe Kẹrìnlá tó di òfin ní 1868 ní ẹni yòówù tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ náà, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Ọdún yẹn náà ni Kossola gba ìwé ọmọ-ìlú. Ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òní ni Kossola. Ọkọ̀ Clotilda ló kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Mobile, ní Alabama, ní 1860, nígbà tí ó ti pé ọdún 52 tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé mọ́. Ẹrù fàyàwọ́ ni wọ́n. Àwọn ọmọ tó bí sí Alabama kò wá ìwé kankan kiri, orúkọ méjì-méjì ló sọ wọ́n: ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Aleck níta, Ìyàjẹmí nílé. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé òfin 1868 kò mọ ọmọ ẹni tó wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú, kí ó kọ́kọ́ lọ kí Ìyàjẹmí.

Wọ́n ti dán òfin náà wò rí. San Francisco ni wọ́n bí Wong Kim Ark sí ní 1873. Ó lọ sí Ṣáínà, ó padà ní 1895, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé torí pé ará Ṣáínà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ dá a láre ní 1898. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n yẹ ìwé òbí wò kí wọ́n tó ka ọmọ mọ́ ọmọ ilẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí Adájọ́ John Coughenour ní Seattle fi dá a dúró, ẹjọ́ náà sì ti gòkè dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Òwe àwọn Yorùbá wá di ti White House láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń lù ú nílù ní àwọn àlejò kàn ń bímọ síbẹ̀ láti wá jẹ nínú ìkòkò tí wọn kò bá wọn sè.

Ó dáa, kí a ṣí ìkòkò náà. Ẹni tí kò níwèé ìgbélùú, tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní Houston, tó fi nọ́ńbà Social Security tí kì í ṣe tirẹ̀ gbaṣẹ́, ń gba ìwé owó iṣẹ́ bíi ti gbogbo ayé. Nínú 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan, dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 20 ti bọ́ sápò owó ìfẹ̀yìntì, dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 45 ti bọ́ sí ti ìwòsàn àwọn arúgbó. Kò ní fojú kan ọ̀kankan nínú rẹ̀. Àjọ ITEP tó ń ṣèwádìí owó orí ṣírò pé irú àwọn wọ̀nyí san bílíọ̀nù 96.7 dọ́là owó orí ní 2022. Ẹni tí kò fẹ́ yá nọ́ńbà ẹlòmíì náà kò lè ṣàwáwí: láti 1996 ni ọ́fíìsì owó orí ti ń fún wọn ní nọ́ńbà ITIN kí wọ́n lè rí i san. Ọdún 1996 yẹn gan-an ni Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tó sé ọ̀nà ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ mọ́ wọn, tó sì ní kí ẹni tó ní gíríìn káàdì pàápàá dúró ọdún márùn-ún kó tó débi ọ̀pọ̀ ìrànwọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wọn kò pọ̀, bíi ìtọ́jú pàjáwìrì, àti ilé ìwé ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ wọn, èyí tí ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1982.

Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdákọ̀ró ni àwọn alátakò ń pè é, pé òun ni yóò so òbí mọ́lẹ̀. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ pé ọdún 21 kó tó lè kọ̀wé béèrè fún ìyá rẹ̀. Ìdákọ̀ró wo ló ń rì fún ọdún 21 kó tó kan ìsàlẹ̀ omi? Òfin 2025 tún gbé ẹ̀dínwó owó orí nítorí ọmọ dé 2,200 dọ́là, ó sì ní ó kéré tán kí òbí kan ní nọ́ńbà Social Security. Bàbá àti ìyá tí àwọn méjèèjì ń fi ITIN san owó orí pé pérépéré kò ní rí i gbà, bí ọmọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà.

Àwọn tó ń ti Èkó lọ bímọ sí Houston ní ẹ̀fẹ̀ tiwọn. Wọ́n á san owó ọsibítù lówó gidi, wọ́n á fi oyin àti obì sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀ fún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, tí ẹni kan á máa pàtẹ́wọ́ kó lè lajú. Ohun tí fọ́tò náà kò gbé ni pé Amẹ́ríkà ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ níbi yòówù tó bá ń gbé. Orílẹ̀-èdè Eritrea nìkan ló tún ń ṣe irú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, tí owó rẹ̀ sì ju ìwọ̀n kan lọ, fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà di ọ̀ranyàn lọ́dọọdún, kódà bí kò bá jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Láti oṣù kìíní 2026, ẹni tó bá di owó lọ́wọ́ lọ sí kántà ní Amẹ́ríkà láti fi ránṣẹ́ sílé ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí. Níbẹ̀, àti Ìyàjẹmí, àti Tòkunbọ̀, àti ẹni tó ń fọ abọ́, iye kan náà ni.