Ọ̀gbẹ́ni Ọkàn, Lánlọ́ọ̀dù Tí Kì í Kọ́lé Tán

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yìn wọn ti bó. Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ kàn lónìí ń gbé inú àyà gbogbo wa, kì í sanwó ilé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bú u. Gbogbo ẹjọ́ ilé ayé là ń kó lọ bá a: ọkàn mi fà sí i, ọkàn mi ò gbà á, ọkàn mi ò balẹ̀. Òun kàn ń dún kì-kì-kì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Ìwọ Ọkàn, mo kí ọ. Òótọ́ ni pé o kì í sinmi. Nǹkan bí 100,000 ìgbà lo ń lù lóòjọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ò ń tì kiri sì tó 7,000 lítà. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ara rẹ ò ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ. Ẹran tó mọ níyẹn, tí wọ́n bá gbé e lé àmàlà ọkùnrin kan ṣoṣo, yóò ṣì bèèrè pé ẹran dà.

Àmọ́ àgálámàṣà rẹ pọ̀. O ṣe bí ẹni tí kì í yí padà, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lò ń wó ilé ara rẹ, ojoojúmọ́ lò ń tún un kọ́. Purotéènì ni búlọ́ọ̀kù rẹ. Mayósìn tó ń fa iṣan rẹ wà níbẹ̀. Nínú ọkàn eku, kí ọ̀sẹ̀ kan tó yí po dáadáa, nǹkan bí ìdajì mayósìn náà ti di tuntun. Titin náà wà níbẹ̀, òmìrán gbogbo purotéènì, tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀: hóró àmínò ásíìdì orí okùn rẹ̀ kan ṣoṣo lé ní 25,000. Ìwọ a máa já gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ yìí, o sì máa tún un sín, láìdá ìlù dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi lẹ́tà ìfẹ́ fún Àdùkẹ́ ní ọkàn rẹ̀ lóṣù kejì, kí Àjíǹde tó dé, púpọ̀ nínú ẹran tó fi tọrẹ ni wọ́n ti wó palẹ̀. Kí Àdùkẹ́ yáa bèèrè rísíìtì.

Rudolf Schoenheimer ló tú àṣírí irú ìwà yìí. Júù ará Jámánì ni, ó sá fún ìjọba Hitler ní 1933, ó sì rí iṣẹ́ sí Columbia ní New York. Kó tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ gbà ni pé ara dà bí ọkọ̀: irin rẹ̀ wà bó ṣe wà, oúnjẹ ni bẹntiróòlù. Ọkùnrin yìí wá fi náítírójìn tó wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sàmì sí àmínò ásíìdì, ó fi í bọ́ eku àgbà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì jókòó ti ìtọ̀ wọn, ó ń retí kí àmì náà jáde. Èyí tó jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó ju ìdajì lọ tó ti wọnú purotéènì ara wọn. Bí ẹni da epo sínú ọkọ̀, tó ṣí i wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tó rí i pé epo ti di bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọjọ́ orí. Búlọ́ọ̀kù ń di tuntun, ṣùgbọ́n yàrá, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì, ti àtijọ́ ni. Bọ́ǹbù átọ́mù tí wọ́n dán wò ní àwọn ọdún 1950 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1960 da kábọ́ọ̀nù-14 sínú afẹ́fẹ́, gbogbo wa sì jẹ nínú rẹ̀. Ní 2009, Jonas Frisén àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi àmì bọ́ǹbù yẹn ka ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn. Lẹ́ni ọdún 25, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń pààrọ̀ lọ́dún; tó bá fi di 75, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Ọ̀gá kan wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí tó dín ọdún mẹ́jọ kù lára ọjọ́ orí rẹ̀, tó fi ìwé ìbúra kóòtù bò ó. Tó bá gbọ́ pé bọ́ǹbù lè jẹ́rìí, á fẹ̀yìn tì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó kù síbì kan tí mo ti ní láti yìn ọ́, ó dùn mí. Tí ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé, ogún ọdún lè kọjá, àwọn ayálégbé ṣì ń sá aṣọ sórí X náà. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Purotéènì tó ti gbó, wọ́n á lẹ ubiquitin mọ́ ọn lára, katapílà tí wọ́n ń pè ní proteasome á sì gbé e mì. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose ló rí X yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2004. Tiwa ò ì gba nǹkan kan.

Wàyí o, ká sọ̀rọ̀ ìwúga rẹ. Mo dúró níwájú ìsọ̀ alápatà lọ́jọ́ kan, ó la ọkàn màlúù sí méjì. Ògiri ọ̀tún fẹ́lẹ́, ó ń gbọ̀n lórí ọ̀bẹ. Ti òsì ki bí ìka méjì tí a gbé léra. Mo bèèrè ìdí. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni tibí ń ti ẹ̀jẹ̀ sí, nítòsí ibí. Èyí ń tì í dé pátákò.” Ó wọn án fún mi, ó sì gba owó rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ṣe ló dà bíi kéèyàn máa ti ilẹ̀kùn tí ẹnì kan dì mú lẹ́yìn. Ọkàn á wá pe bíríkìlà kún bíríkìlà. Àwọn tó ń wó lè má dẹwọ́, wọ́n tiẹ̀ lè tẹra mọ́ṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ti yá jù wọ́n lọ. Ẹ má rò pé sẹ́ẹ̀lì ń bímọ o. Iye wọn ni wọ́n wà, oníkálukú kàn ń sanra ni, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn ò gba ẹlòmíràn kún, tí àga ń fún mọ́ wọn nídìí. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn kì í pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sanra. Ògiri ń nípọn, yàrá ń há, títí ibi tí èèyàn á tẹ́ ẹní sí á fi di ogun. Èyí tó bá wá wú kọjá ààlà, àwọn dókítà ní orúkọ Látìn fún un tó túmọ̀ sí ọkàn màlúù. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.

Erè tiẹ̀ sàn jù ọ́ lọ. Ìwádìí kan ní 2005 ròyìn pé tí erè ilẹ̀ Burma bá gbé ẹran ńlá mì, iṣan ọkàn rẹ̀ á fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i láàárín wákàtí 48. Oúnjẹ á dà, ọkàn á sì fọ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Mo mọ olóyè méjì tí wọ́n ti ń jẹun látọdún 1998 tí nǹkan kan ò tíì fọ̀ lára wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akinkugbe, ọmọ Oǹdó tó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún kìlọ̀ fún wa. Èsì wa ni pé kí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Èmi náà wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, dókítà wo àwòrán àyà mi, ó ní, “Ògiri òsì yín ti nípọn, Bàbá.” Mo dúpẹ́. Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Ìgbà tó kọ oògùn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe oríkì. Ó ní tí mo bá ń lò ó déédéé, tí ẹ̀jẹ̀ sì wálẹ̀, àwọn tó ń wó lè tún borí, kí ògiri sì fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó mi ló ń ka ọ̀rọ̀ yìí kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ó kà á tán lánàá, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé ẹ̀gúsí dé, mo tọ́ ọ wò, mo ní iyọ̀ dà?

Ó ní, “Bàbá Fọlá, ẹ lọ bi bíríkìlà inú àyà yín.”