Ẹnu Ẹlẹ́nu Kọ́ La Fi Ń Mu Bíà

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mè jẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro: bí oúnjẹ ò bá bá ọ lára mu, ìwọ fúnra rẹ ni kí o la ẹnu sọ ọ́, má rán alárinà, má sì dúró kí ará àdúgbò fọwọ́ sí i. Àṣé ayé ń bọ̀ wá dé ibi tí ẹnu yóò máa gba ìyọ̀ǹda kí ó tó mọ adùn. Ẹni tó bá ń jiyàn, kí ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bíà tí wọ́n ń pè ní craft.

Bermondsey wà ní gúúsù London, kò jìnnà sí Peckham tí àwọn èèyàn wa ti ń ná ọjà tẹ̀tẹ̀ àti èlùbọ́ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ afárá rélùwéè níbẹ̀ ni àwọn apọntí kéékèèké tò sí. Kernel, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Bó bá di Sátidé, èrò á máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí láburú ńbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kí gíláàsì tó kan ètè, fóònù ti yọ.

Untappd ló wà lórí fóònù náà. Láti 2010 ló ti wà: ọ̀mùtí á kọ orúkọ bíà tó mu síbẹ̀, á sì fún un ní ìràwọ̀ tí kò ní ju márùn-ún lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró níwájú mi níbi tí a ti tò. Ó mu ẹnu kan, ojú ẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n da àgbo sí lẹ́nu. Ó wo fóònù. Ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ ló rí. Ojú ẹ̀ tú ká, ó ní, "Bíà yìí mà dùn o!" Ahọ́n ti dá ẹjọ́, fóònù pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre.

Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wo ìràwọ̀, nọ́ńbà ìkorò ni wọ́n ń wò. Láyé àtijọ́, apọntí kan tó ń jẹ́ Hodgson, ní Bow ní London, máa ń kó bíà tí wọ́n fi òdòdó hops púpọ̀ pọn ránṣẹ́ sí Íńdíà. Lẹ́yìn 1820 ni àwọn apọntí ìlú Burton gba òwò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi òwò Íńdíà yẹn ni orúkọ IPA, ìyẹn India Pale Ale, ti ṣẹ̀. Nígbà tí ilé ìpọntí Sierra Nevada bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní Chico ní California ní 1980, hops Cascade tí wọ́n lò ń ta sánsán bí èèpo ọsàn, inú àwọn èèyàn sì dùn sí i. Bí ìdíje ìkorò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìkorò ń jẹ́ IBU: lager tí a mọ̀ nílé lè wà ní nǹkan bí 20, IPA ti Amẹ́ríkà á wà láàárín 40 sí 70, àwọn kan sì ń fi 100 yangàn lára agolo. Ọmọ Yorùbá kan tó wà nídìí káńtà ló rí mi tí mo ń yọ́ ètè lá. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ fara balẹ̀. Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro." Mo fara balẹ̀. Mo tún fara balẹ̀. Ìkorò ló gbẹ̀yìn. Wọ́n kúkú ti fọ ewúro tiwa kó tó dé inú ìkòkò.

Òórùn wá ńkọ́? Ní àfonífojì odò Senne, nítòsí Brussels, àwọn tó ń pọn lambic máa ń ṣí ọtí sílẹ̀ lóru ìgbà òtútù kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹ̀, wọ́n á wá tọ́jú ẹ̀ sínú àgbá igi fún ọdún kan sí mẹ́ta. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹmu ọ̀pẹ pàápàá kò ra ìwúkàrà rí. Àmọ́ àwọn onímọ̀ wọn á fa imú, wọ́n á ní ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹṣin, ìyìn sì ni wọ́n fi ṣe. Ẹ bá mi pe ọmọ ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kan wá, kí ó wá sọ bóyá òun á sanwó fún un.

Kí ará ilé má tíì rẹ́rìn-ín. Tiwa náà ń bẹ. "Èmi, Trophy ni wọ́n fi bí mi." "Star ni bàbá mi mu kú." Ojú ni àwọn wọ̀nyí fi ń kọ mè jẹ; wọ́n á wo ìgò, wọ́n á ní bíà àjèjì ò bá àwọn lára mu. Bẹ́ẹ̀, lager tí wọ́n ń jà lé lórí, láti ìlú Plzeň ni irú ẹ̀ ti wá, níbi tí Josef Groll ti pọn pilsner àkọ́kọ́ ní 1842. 1949 ni Star tó jáde ní Èkó. Ẹni tó ń mu ọdẹ́kù láti ìgbà tí Guinness ti dé Ìkẹjà ní 1962 kò mọ̀ pé ìwé tí àwọn adájọ́ bíà Amẹ́ríkà ń lò ya ojú ìwé sọ́tọ̀ fún Foreign Extra Stout. Ẹni tó sì ń da mílíìkì sí stout, tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní bíà pálọ̀, ẹ bá a lọ sí London kí ó rí iye tí wọ́n ń ta milk stout.

Orúkọ wúlò o. Bí o bá gbọ́ pilsner, o mọ̀ pé ó máa mọ́lẹ̀. Bí o bá gbọ́ stout, ọkà tí wọ́n yan dúdú ló ń bọ̀. Bí o bá gbọ́ lambic, múra sílẹ̀ fún kíkan. Kí owó má baà ṣòfò ni wọ́n ṣe sọ wọ́n lórúkọ, wọn ò fi pàṣẹ ohun tí yóò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Gba gíláàsì kékeré, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó fúyẹ́, fi omi ṣan ẹnu láàárín wọn, fi fóònù sápò títí wàá fi mọ èyí tí wàá tún rà. Ẹni tó bá sì ti tọ́ ọ wò, tó ní òun ò mu, ẹ má fún un ní ìwé kà. Omi ni kí ẹ bù fún un.