Wọ́n Fi Wá Sí Ipò Kẹ́yìn

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ajah! Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n fojú mi rí nínú ọgbà tí mò ń sanwó ilé sí láì jẹ gbèsè. Lándílọ́ọ̀dù wa, tó ti fẹ̀yìn tì, àti àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú yàrá, ni wọ́n jókòó ti The Amazing Race títí eré náà fi wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Ẹ mọ eré náà: wọ́n á kó èèyàn jọ ní méjì-méjì, tọkọtaya, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, bàbá pẹ̀lú ọmọ, wọ́n á ní kí wọ́n máa sáré yí ayé ká. Ikọ̀ tó bá gbẹ̀yìn á máa lọ sílé, èyí tó bá borí nígbẹ̀yìn á gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Èmi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn bọ̀dá méjèèjì yìí ra ìwé kékeré kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwa ayálégbé sí ipò, gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe ń tètè dé CMS láràárọ̀.

Èmi àti ìyàwó mi, ipò kẹ́yìn. Wọ́n tún fi bírò pupa kọ “Kò sí ìrètí” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wa.

Ta ló ṣe ipò kìíní? Ọ̀gá tó ń gbé lókè, òun àti ìyàwó rẹ̀, torí pé wọ́n ní jíìpù. Mo bèèrè ìdí, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń la ọ̀nà ní Jakande ni? Bàbá Jakande, tí wọ́n la ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lásìkò ìjọba rẹ̀, kò mọ̀ pé ibùdókọ̀ tí wọ́n máa fi orúkọ òun pè ni jíìpù á máa dúró sí bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé.

Mo ro ẹjọ́ mi dáadáa. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń to èèyàn sípò, ṣé ẹ rántí 2010, nígbà tí eré yín dé Accra? Àwọn obìnrin méjì kan wà nínú rẹ̀, Brook àti Claire, tó jẹ́ pé ọjà títà lórí tẹlifíṣàn niṣẹ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ní England, Claire fẹ́ fi rọ́bà ta wọtamẹ́lọ̀n sí aṣọ irin ológun kan kó lè wó. Rọ́bà yí padà, wọtamẹ́lọ̀n gbá a lójú gbàà! Ta ni ì bá fi wọ́n síwájú lọ́jọ́ yẹn? Síbẹ̀, ipò kejì ni wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn eré. Àwọn tó wá gbowó náà, Nat àti Kat, dókítà ni wọ́n, Nat sì ní àtọ̀gbẹ. Àwọn ni ikọ̀ obìnrin méjì àkọ́kọ́ tó borí nínú eré ti Amẹ́ríkà. Ní Accra yẹn náà, wọ́n rán wọn lọ ta awò ojú ní ọjà Makola, wọ́n pe ìyẹn níṣẹ́ ńlá. Awò ojú! Àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ní Ajah pẹ̀lú gálà àti omi tútù ì bá ti tà á tán, wọn ì bá sì ti fún oníbàárà ní ṣéńjì, kí oníkámẹ́rà tó múra.

Lándílọ́ọ̀dù ní èyí kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó kàn án! Gbogbo ẹni tó ń wo eré náà ló mọ̀ pé awakọ̀ takisí lọba níbẹ̀. Èèyàn lè lágbára, kó gbọ́n, tí takisí bá ti gbé e ṣìnà, ó parí. Ìwé wọn ò ní ojúewé fún awakọ̀.

Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà ní bóìskọ́tà. Nígbà ọ̀kadà, ta ló lè bá wọn du ipò kìíní? Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní gbogbo Eti-Osa, àwọn akọni wa di ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Badore ló wà ní ipò kejì báyìí. Mo gbà, wọ́n gbójú. Ẹ ṣáà bi wọ́n bó ṣe ń rí lásìkò òjò, tí ọ̀sà bá ń ru, tí wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì tí omi ẹlòmíì ò tíì gbẹ lára rẹ̀.

Tiwa ni kí ẹ gbọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, a ti wà ní Ajah. Òjò ṣú, kọ̀ndọ́ ti fowó kún owó ọkọ̀ kí ẹ̀kán kan tó kán. “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Mi ò ní ṣéńjì!” Ìyàwó mi bọ́ bàtà gíga, ó kì í sínú báàgì, ó fi sílípáàsì fò wọ dáńfó, kúlà ìrẹsì lọ́wọ́ òsì, ó sì ti fi ìgbọ̀nwọ́ di àyè mú dè mí kí n tó rí ẹnu ọ̀nà. Ikọ̀ Amẹ́ríkà wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Àfi bí kọ̀ndọ́ ṣe so mí pọ̀ mọ́ obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Ó na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí wa, ó ní ṣéńjì àwa méjèèjì nìyẹn, ká lọ pín in. Ikate ni obìnrin náà ń lọ, CMS ni mò ń lọ. Ó di owó náà mú gírígírí. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, kí n jẹ́ kó gbé owó mi lọ? Mo sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ìyàwó mi yọrí lójú fèrèsé: “Bàbá Ìbejì, ẹ ṣe jẹ́jẹ́ o, mo ti ń lọ!”

A wá ṣéńjì dé ọ̀dọ̀ onípọfùpọ́ọ̀fù, dé ọ̀dọ̀ oníkáàdì, dé ilé epo. Kò sí. Nígbẹ̀yìn obìnrin náà ra búrẹ́dì, ó fún mi níyókù, kò pé tó. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ṣíwájú jíìpù dé CMS lọ́jọ́ yẹn! Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó lándílọ́ọ̀dù ṣí òfin eré fún mi: àfi kí àwọn méjèèjì inú ikọ̀ tẹ ẹní kí wọ́n tó kà wọ́n sí ẹni tó dé. Èmi ni mo sì gbẹ̀yìn gbogbo ọgbà. Àwọn ti Amẹ́ríkà ní Phil Keoghan tó ń dúró dè wọ́n lórí ẹní, pẹ̀lú ọmọ ìlú tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ tó ń kí wọn káàbọ̀. Ẹni tó dúró dè mí ni máníjà ibi iṣẹ́ mi, tó ti fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó dé kẹ́yìn nínú rẹ́jísítà, tó wá ní kí n kọ tèmi sísàlẹ̀ ìlà.

Mo bèèrè lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù ìgbà tó wọ dáńfó kẹ́yìn. Ó ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dáńfó. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé ìgbìmọ̀ lè tún ẹjọ́ wa yẹ̀ wò, bí páálí mọ́ọ̀tì kan bá yọjú lálẹ́ Jímọ́ọ̀. Páálí náà yọjú. Ipò kẹta la wà lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbọ́, wọ́n ní àwọn náà ń bọ̀ pẹ̀lú ẹja yíyan láti Badore.